Àwọn Fíìmù Ìjà Bàbá Rẹ àti Yàrá Ọmọ

Diobu,
Port Harcourt.

Adéwálé, Àkànní ọmọ mi,

Mi ò ní í bi ọ́ bóyá ara rẹ le, torí ìyàwó rẹ ti sọ fún mi pé ó le, ó sì ní iṣẹ́ tuntun tí o gbà sí Ìbàdàn ń lọ dáadáa. Mo dúpẹ́. Èmi náà wà. Orúnkún ọ̀tún ló ń yọ mí lẹ́nu díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ gùn ju ohun tí a lè sọ lórí fóònù lọ. Bí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Màmá, ọ̀gá mi ń bọ̀, mo máa pè yín padà," èmi àti ìwọ sì mọ̀ pé o kò ní í pè. Nítorí náà mo jókòó, mo mú bírò. Ìwọ náà jókòó kí o kà á tán, má fò ó.

Boma pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyàwó rẹ kì í ṣe aláròyé. Gbogbo wàhálà tí a ṣe kí àwọn ará ilé wọn ní Abonnema tó gbà kó fẹ́ ọmọ Yorùbá, mi ò gbọ́ ẹkún rẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Mummy, your pikin don use film full the baby room. I no know where I go put cot." Ó ní yàrá kékeré tí ẹ jọ kùn ní ọ̀dà fún ọmọ tó ń bọ̀, tẹlifíṣọ̀n ńlá ló wà níbẹ̀ báyìí, sípíkà wà ní gbogbo igun, páálí díìsì sì tún ń dé. Ó ní bí o bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, inú ibẹ̀ lo máa ń wọ̀ lọ, bí òun bá sì bá ọ sọ̀rọ̀, wàá ní kó dákẹ́, o fẹ́ gbọ́ nǹkan. Ó bi mí pé kí ló wà níbẹ̀ tí o fẹ́ gbọ́.

Mi ò sọ fún un, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Nígbà tí a ṣe ìrántí ọdún kan bàbá rẹ, èmi àtìwọ jókòó sẹ́yìn ilé, o sọ fún mi pé ohùn rẹ̀ ti ń kúrò létí rẹ, pé bí o bá lè rí gbogbo fíìmù ìjà tí ẹ jọ ń wò nígbà náà, bóyá wàá tún gbọ́ ọ. Mi ò rí èsì fún ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti rí i báyìí. Bí mi ò bá sì sọ ọ́ kí Boma tó bímọ, ẹ̀rù ń bà mí pé bàbá tó tìlẹ̀kùn mọ́rí ni ọmọ yẹn máa wá bá láyé. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Ìwọ náà fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. O ní, "Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ta fíìmù títí, àwọn díìsì HD tí wọ́n ń fi tún àwọn fíìmù ìjà àtijọ́ ṣe yìí, ṣé ó yẹ kí èèyàn máa rà wọ́n?" O ní wọ́n ti kó ọ̀pọ̀ jọ sínú àpótí kan, o fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó dáa. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ lóhùn bí oníṣòwò, lẹ́yìn náà n óò dá ọ lóhùn bí ìyá.

Ọdún 1999 ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjà Mile One, ìwọ ṣì wà ní nọ́sìrì. Káséètì fídíò ni mò ń tà nígbà yẹn, àwọn dúdú gbàǹgbà tó dà bíi búlọ́ọ̀kù kékeré. Bí ẹ̀rọ bá jẹ téèpù rẹ̀, a ó fi ìka wé e padà. Lẹ́yìn náà ni VCD dé, fíìmù kan nínú díìsì méjì. Ibi tí ọkùnrin tó ń jà bá ti ń rọ̀ dirodiro lórí afárá gan-an ni díìsì kìíní máa ń parí, gbogbo ilé á pariwo, ẹnì kan á sì dìde lọ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni DVD tí wọ́n rọ́ ogún fíìmù sínú ẹyọ kan, tí orí àwọn òṣèré tó wà lára páálí rẹ̀ kò ju èékánná lọ. Oníbàárà á dé, á ní, "Madam, e clear?" Màá ní, "E clear well well. Make I test am for you." Màá fi sínú ẹ̀rọ, a ó jọ wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, màá yọ ọ́, màá wé e sínú ọ̀rá. Bí mo ṣe mọ ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo fíìmù ìjà tó wọ Port Harcourt nìyẹn, tí mi ò fojú rí òpin ẹyọ kan. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, mi ò ráyè ìwòran.

Kò sì mọ́ tó bí mo ṣe ń sọ pé ó mọ́, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Òmíràn wà tó jẹ́ pé inú sinimá ni ẹnì kan ti jókòó tó fi kámẹ́rà kékeré gbà á. Ẹ ó máa wo ìjà lọ, orí èèyàn á kọjá níwájú, ẹlòmíràn á wúkọ́. Ìyá àgbà, ìyá bàbá rẹ, máa ń béèrè pé ta lẹni tó kọjá yẹn. Bàbá rẹ á ní aládùúgbò wọn ni. Ìyá àgbà á ní, kí ló dé tí kò kí wọn.

Nítorí náà, tí o bá bi mí bóyá díìsì HD dára, ó dára, ọmọ mi. Àwọn tí o fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú ẹ̀rọ wọn, ẹnu yà mí. Mo rí òógùn lójú ọkùnrin náà. Mo rí ewé lórí igi lọ́kọ̀ọ̀kan, níbi tó jẹ́ pé bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni gbogbo igbó yẹn máa ń rí lójú wa tẹ́lẹ̀. Mo tún rí i pé ẹni tó fò láti orí òrùlé kì í ṣe òun rárá, wíìgì ni wọ́n dé fún ẹlòmíràn. Ìyẹn dùn mí díẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ HD sí lára ló jẹ́ HD. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé àwòrán àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n kàn nà kó fẹ̀, wọ́n wá fi páálí tuntun sí i. Àwọn mìíràn, wọ́n á fọ ojú òṣèré títí yóò fi máa dán bí àbẹ́là, gbogbo ìlà ojú rẹ̀ á lọ. Kí o tó sanwó, wádìí bóyá láti inú rólù fíìmù tí kámẹ́rà fi yà á ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ti tún un ṣe, kí o sì ka ohun tí àwọn tó ti rà á ń sọ. Má wo ẹ̀yìn páálí. Mo mọ àwọn tó máa ń kọ ẹ̀yìn páálí.

Èkejì, wo ibi tí wọ́n ṣe díìsì náà fún. Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà lè kọ̀ jálẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí o rà níbí. Oníbàárà mi kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ojúlówó ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun, ẹ̀rọ rẹ̀ kò gbà á, èmi ló wá bá jà ní Mile One, èmi tí mi ò tà á fún un. Ó ní ẹni tó ń ta díìsì ló yẹ kó mọ̀. Mo fún un ní àga, mo fún un ní omi tútù, ó jókòó títí inú rẹ̀ fi rọ̀.

Ìkẹta, tàbí ìkẹrin ni, mi ò kà á mọ́. Boma ní gbogbo rẹ̀ ló wà lórí fóònù, pé kí lo fẹ́ fi díìsì ṣe. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Èyí tí o máa wò lẹ́ẹ̀kan péré, wò ó lórí fóònù, ó tó. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lórí fóònù, àwọn tó fi í síbẹ̀ lè yọ ọ́ nígbà tó bá wù wọ́n, dátà sì lè tán níbi tí ìjà ti ń dùn. Díìsì tó wà lọ́wọ́ rẹ, tìrẹ ni. Nítorí náà, èyí tí o mọ̀ pé wàá tún wò lọ́dún tó ń bọ̀, ra ìyẹn, kí o sì máa rà á lẹ́yọ lẹ́yọ. Má ra àpótí kíkún torí pé wọ́n ti bá ọ kó o jọ.

Lórí ọ̀rọ̀ kíkó jọ yìí, ojú èmi náà ti rí i. Nígbà tí káséètì ń parẹ́ lọ, ẹni tí mo ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Aba sọ pé òun máa bá mi dín in, mo sì kó o kún ṣọ́ọ̀bù dé àjà. Mo rò pé mo gbọ́n. Kò pẹ́ rárá tí ẹnikẹ́ni kò béèrè káséètì mọ́. Ìwọ lo wá ń fi wọ́n kọ́lé ní ẹ̀yìnkùlé, o fi ṣe géètì, o fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí mo bá yọjú láti kíṣìnnì tí mo rí ọ, inú á bí mi, ẹ̀rín á sì tún pa mí. Rántí ilé káséètì yẹn nígbà tí o bá ń wo yàrá ọmọ.

Èsì oníṣòwò tán. Ó ku ti ìyá.

O rántí bí iṣẹ́ bàbá rẹ ṣe rí. Inú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù láti Onne lọ fún àwọn tó ń wa epo lójú òkun ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lójú omi, ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó bá dé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò. Á wẹ̀, á jẹun, á ní, "Ìyá Wálé, kí lo mú bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù?" Màá na díìsì sí i. Ìyá àgbà á ti wà lórí àga wọn, ìwọ á wà nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ bàbá rẹ. Bí kò bá sí iná, jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn á máa ké lẹ́yìn ilé, a ò sì ní í gbọ́ ohun tí àwọn òyìnbó yẹn ń sọ dáadáa. Kò ṣe nǹkan kan. Ìyá àgbà kò gbọ́ òyìnbó, wọn ò gbọ́ Pidgin, bàbá rẹ ló máa ń túmọ̀ fún wọn.

Èyí tó ń ṣe yẹn ju ìtúmọ̀ lọ. Á di ọ̀gá, á di ọmọ iṣẹ́, á di obìnrin tí wọ́n jí gbé. Ọkùnrin tó bá gbé ìbọn, Adígún lorúkọ rẹ̀ nínú gbogbo fíìmù. Ẹni burúkú ibẹ̀, Bàbá Onílé ni, torí pé òun àti onílé wa kò rẹ́ nígbà yẹn. Á fi ohùn ńlá béèrè pé, "Adígún, ta ló rán ọ wá?" Á tún fi ohùn mìíràn dáhùn pé, "Ẹsẹ̀ mi ló rán mi. Gbé ọwọ́ sókè, má mira." Ìyá àgbà á ní ó dá a lóhùn dáadáa.

Àkànní, Yorùbá tí o gbọ́ lónìí, ibẹ̀ lo ti kọ́ ọ. Pidgin lò ń sọ ní iléèwé àti ní àdúgbò. Èmi náà, Pidgin ni mo fi ń bá ọ wí, torí òun ló máa ń yá mi lẹ́nu bí mo bá ti ọjà dé. Ọdún tí a gbé ọ lọ sí Ọ̀ṣogbo fún Kérésìmesì, àbúrò bàbá àgbà rẹ nawọ́ sí ọ, gbogbo ẹbí ń dúró kí o dọ̀bálẹ̀. O wo bàbá arúgbó náà lójú, o ní, "Má mira. Ta ló rán ọ wá?"  Bàbá rẹ fi ọwọ́ bojú. Bàbá arúgbó yẹn náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyá rẹ ló rán mi, ó ní kí n fún ọ ní ẹran." Títí tí wọ́n fi kú, Má Mira ni wọ́n ń pè ọ́.

Mo ń sọ gbogbo èyí kí o lè mọ ohun tó ṣe mí nígbà tí mo wo díìsì tí o fi ránṣẹ́. Ọ̀sán Sátidé kan ni, iná wà, mo ní jẹ́ kí n wo ọ̀kan dé òpin láyé mi. Èyí tí Ìyá àgbà fẹ́ràn jù ni mo fi sí i, èyí tí Adígún wọ inú igbó tó ń jóná lọ wá àbúrò rẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Ọmọ mi, kò sí àbúrò kankan níbẹ̀. Ìjọba wọn ló rán ọkùnrin náà pé kó lọ gba ẹ̀rọ kan tí wọ́n jí. Ó gbà á, ó wọ bàlúù, ó lọ. Mo rò pé mo ti tòògbé kọjá ibì kan ni, mo dá a padà. Kò sí àbúrò. Mo fi òmíràn sí i, ti ọkọ̀ ojú irin, èyí tí wọ́n de àbúrò Adígún mọ́ àga nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n dè mọ́ àga yẹn, akọ̀wé báńkì ni. Òun àti ọkùnrin oníbọn náà kò mọra rí.

Mo pa tẹlifíṣọ̀n náà, mo jókòó síbẹ̀. Ìgbà náà ló tó yé mi.

O ti gbọ́ orúkọ Jídé rí, àbúrò bàbá rẹ, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ púpọ̀ nínú ilé. Òun ló kọ́kọ́ wá sí Port Harcourt nínú ẹbí wa, kí a tó bí ọ. Ó bá ọkọ̀ ojú omi kan ṣiṣẹ́ lọ sí òkè òkun, ó ní òun máa kọ̀wé, kò kọ. Bàbá rẹ fi iṣẹ́ tó ń ṣe ní Ọ̀ṣogbo sílẹ̀, ó wá a wá síbí. Ìdí tó fi gba iṣẹ́ ní Onne nìyẹn, kó lè máa bi àwọn atukọ̀ léèrè rẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Ìyá àgbà náà kó ẹrù wọn wá bá wa. Wọ́n ní bí Jídé bá ń bọ̀, ọ̀nà tó gbà lọ náà ló máa gbà bọ̀, àwọn fẹ́ wà nítòsí. Títí tí wọ́n fi kú, kò dé.

Ní gbogbo ọdún yẹn, bí bàbá rẹ bá ti ojú omi dé, Ìyá àgbà á wo ojú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bàbá rẹ á mi orí pé òun ò gbọ́ nǹkan kan.  Á wẹ̀, á jẹun, á fi fíìmù sí i. Nínú fíìmù, Adígún á la iná kọjá, á fo òrùlé, á na gbogbo ọmọ iṣẹ́ Bàbá Onílé, ó sì di dandan kó rí àbúrò rẹ̀ kó tó parí. Ìyá àgbà á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ti rí i. Ọlọ́run ṣeun." Wọ́n á dìde, wọ́n á lọ sùn. Èmi wà lẹ́yìn wọn tí mò ń kó abọ́, mò ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo rò pé bí àwọn òyìnbó ṣe ṣe é nìyẹn. Bàbá rẹ kò sọ fún mi rí. Mo sunkún lọ́sàn-án yẹn, Àkànní. Mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, títí aládùúgbò fi wá kanlẹ̀kùn pé ṣé kò sí.

Nítorí náà, gbọ́ èsì mi. Ohùn bàbá rẹ kò sí nínú díìsì kankan. Bí o bá ra gbogbo èyí tí wọ́n ṣe, tí sípíkà rẹ tó ti sinimá, bí ohùn àwọn òyìnbó yẹn bá ṣe ń mọ́ sí i ni wàá ṣe máa jìnnà sí tirẹ̀, torí ohùn tiwọn ni ohùn tirẹ̀ máa ń bò mọ́lẹ̀. Ò ń ní kí ìyàwó rẹ dákẹ́ kí o lè gbọ́ ọ. Bàbá rẹ kì í dákẹ́ tí fíìmù bá ń lọ, kò sì dá nìkan wò ó rí. Inú mi ò dùn bí mo ṣe ń kọ èyí, torí mo mọ bí o ṣe ń retí. Àárò rẹ̀ ń sọ èmi náà. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mi ò tíì lè fún ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní kí o kó wọn dànù. Ṣa díẹ̀, àwọn tí o fẹ́ràn dénú, kí o sì fi àpótí yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Gbé tẹlifíṣọ̀n náà padà sí pálọ̀, kí o gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ wọ yàrá rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí Boma tó wúwo ju báyìí lọ. Bẹ̀ ẹ́, fi ẹnu ara rẹ bẹ̀ ẹ́, má fi ẹ̀bùn dípò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ní kó wá jókòó tì ọ́. Ó ń kọ́ Yorùbá, ìwọ náà kò tíì mọ̀ ọ́n tán, ẹ jọ wà lójú kan. Pa ohùn fíìmù náà pátápátá, kí o máa sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní kí ni wọ́n sọ, sọ ohun tó bá wá sí ọ lẹ́nu. Yorùbá rẹ á tàsé, kò ní í pa ẹnikẹ́ni. Bóyá níbi tí o ti ń sọ ọ́ lọ ni wàá ti gbọ́ ohun tí ò ń wá. Èmi ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yín, tí o dìde tí o ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò, mo yíjú wẹ̀yìn, mo rò pé bàbá rẹ ló ń sọ̀rọ̀.

Ọmọ náà á dé láyọ̀, á dàgbà, á máa bá yín wò ó. Á nàka sí ọkùnrin tó ń sáré kiri nínú iná yẹn, á bi ọ́ pé kí ló ń wá. Sọ fún un pé àbúrò rẹ̀ ló ń wá, Jídé lorúkọ rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ọmọ náà lọ sùn kí Adígún tó rí i.

Èmi ni,
Màmá rẹ.